Àìrí Kì í Ṣe Àìsí

Àwọn oníṣègùn kan gbà pé ohun tí PubMed kò bá gbé jáde, kò sí láyé. Èrò yìí léwu púpọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kú ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins, tí ó sì fa oògùn hexamethonium símú. Olùwádìí ti wo PubMed, ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìwé ìwádìí tí a tẹ̀ ṣáájú, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ti kìlọ̀ pé oògùn náà lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Síbẹ̀, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé. Irọ́ gbuu! Òun ni ó mọ ibi tí àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì parí sí. Kí ìgbìmọ̀ kankan má ṣe fọwọ́ sí ìdánwò oògùn lára ènìyàn, àfi bí olùwádìí bá kọ ibi tí ó wá, ọ̀rọ̀ tí ó fi wá a, àti ọdún tí ó wá a dé. Ẹni tí kò dé ẹ̀yìnkùlé kò gbọdọ̀ búra pé kò sí ejò nínú ọgbà.