Kì í Ṣe Gbogbo Ajá Tó Ń Họra Ló Ní Kúrúnà

Bí ajá bá ti ń họra, tí irun rẹ̀ ń re, ohun tí a máa ń sọ ni pé kúrúnà ló mú un. Wọn á wá ọ́ìlì ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ti lò tán, wọn á fi í pa á láti orí dé ìrù. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ọ́ìlì yẹn ń jó awọ, ajá yóò sì lá a mì, májèlé ni.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé lọ́wọ́ àwọn ọdẹ la ti kọ́ ọ. Ọdẹ ayé àtijọ́ wo ló ní ọkọ̀?

Àṣìpè orúkọ ló bí gbogbo èyí. Ẹni tó jẹ edé tí nǹkan sú sí lára, a kì í pè é ní oníkúrúnà. A ó ní edé kò bá a lára mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí fún ajá. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tí itọ́ yọ̀rọ̀ kò bá lára mu: bí yọ̀rọ̀ díẹ̀ bá jẹ ẹ́, yóò máa fi eyín gé ìdí ìrù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí eruku tàbí koríko ń bá jà á máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáá, etí rẹ̀ á sì máa pọ́n. Láti oṣù 6 sí ọdún 3 ni èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kúrúnà ní tirẹ̀ fẹ́ràn etí etí àti ìgúnpá, ó sì lè ran ẹni tó ni ajá.

Dókítà ẹranko ni yóò ha awọ rẹ̀ díẹ̀ wò kí ó tó mọ èyí tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ yọ̀rọ̀, gbogbo ajá àti ológbò inú ilé ni a ó fún lóògùn, a ó sì fọ ibùsùn wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin àti ọmọ yọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bí a bá fura sí oúnjẹ, ajá yóò jẹ ohun tí kò jẹ rí fún bí ọ̀sẹ̀ 8, láìsí egungun kankan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. (Èyí ni yóò nira jù ní agboolé wa!) Oògùn tí ń dá yíyún dúró wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu oògùn ènìyàn fún un.

Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ojú ajá bá wú lójijì, tí kò lè mí dáadáa, kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.