Bí Àlọ́ Ilẹ̀ Japan Bá Di Ìwé Ọ̀dọ́: Ẹrù Wo Ni Atúnìtànsọ Gbé, Èwo Ni Ó Sọ Nù?

Irú ìwé ìtàn kan ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Òǹkọ̀wé yóò mú àlọ́ àtijọ́, yóò hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kúrò ní ilé rẹ̀, yóò sì gbìn ín sínú ayé tuntun tí ó kún fún oògùn àti iwin, ayé tí ó jọ Japan ṣùgbọ́n tí kì í ṣe Japan. Àwọn jagunjagun ibẹ̀ ń fi idà há ìbàdí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ a máa di ènìyàn, òrìṣà ibẹ̀ ń gbé inú odò àti inú igi; ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ náà kò sí nínú àwòrán ayé kankan. Ọ̀kan nínú wọn ni Shadow of the Fox, tí Julie Kagawa tẹ̀ jáde ní 2018. Iwagoto ni ó pe ilẹ̀ tirẹ̀, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí sì jẹ́ ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ní 2021 ni Six Crimson Cranes ti Elizabeth Lim dé, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá kàn níwájú.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ìjà kan náà ni ó máa ń tẹ̀lé e. Àwọn kan a ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ Japan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlọ́ Japan rárá. Àwọn mìíràn a dá wọn lóhùn pé àlọ́ kò ní olówó, pé bí afẹ́fẹ́ ni ó rí, ibi tí ó bá wù ú ni í fẹ́ sí. Tọ̀tún tòsì wọn ni kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àlọ́ ti ń rìn láti ìlú dé ìlú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kọ. Bí wọ́n bá ní kí ó jókòó sójú kan, kíkú ni yóò kú. Ṣùgbọ́n àlọ́ tí ó rìnrìn àjò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó máa ń gbé àṣà àwọn tí ó bí i dání, àti èèwọ̀ wọn, àti ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù lóru. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi irú ìwé yìí ni pé: nínú ẹrù náà, èwo ni òǹkọ̀wé gbé, èwo ni ó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà?

Aṣọ kimono kò ṣòro gbé. Bẹ́ẹ̀ ni idà, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi kitsune tí í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àti oni tí í ṣe abàmì ẹ̀dá abìwo. Ìwọ̀nyí ni ó kún inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà fọ́fọ́. Ohun tí ó ṣòroó gbé ni òfin tí ó wà nídìí àlọ́.

Ẹ wo àlọ́ tí wọ́n ń pè ní Tsuru no ongaeshi, ìyẹn ni ìsanoore ẹyẹ tsuru. Ẹyẹ ńlá ni tsuru, ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Tálákà kan yọ ọ̀kan nínú pàkúté. Láìpẹ́, ọmọbìnrin arẹwà kan wá kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ní ibì kan wọ́n ní ó fẹ́ ọkùnrin náà. Ní ibòmíràn wọ́n ní arúgbó lọ́kọláya ni ó gbà á ṣọmọ. Ọmọbìnrin náà wọ yàrá lọ láti hun aṣọ, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wo òun. Aṣọ náà tà, owó dé, ara dẹ ilé náà. Ṣùgbọ́n ojú kò gbà, wọ́n yọjú. Ẹyẹ ni wọ́n bá nídìí òfì, tí ó ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu láti fi hun aṣọ tí wọ́n ń tà jẹ. Kò bú wọn, kò ṣẹ́ èpè fún wọn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti rí òun bí òun ti rí, òun kò lè bá wọn gbé mọ́. Ó fò lọ. Ibẹ̀ ni àlọ́ náà parí sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Urashima Taro, apẹja tí ó gba ahun òkun lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ẹ́. Ahun gbé e lọ sí ààfin ìsàlẹ̀ òkun, ó jayé níbẹ̀, ilé ń fà á, ọmọ ọba obìnrin fún un ní àpótí kékeré kan pé kò gbọdọ̀ ṣí i. Nígbà tí ó dé ìlú rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá, kò bá ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ṣí àpótí náà, èéfín rú jáde, òun náà sì di arúgbó kùjọ́kùjọ́ lójú ẹsẹ̀. Àlọ́ yìí ti pẹ́: ìtàn Urashima wà nínú Nihon Shoki, ìwé ìtàn àwọn ọba Japan tí wọ́n parí ní 720. Nínú ti àtijọ́ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ahun. Ahun tí ó fi ìwọ̀ fà jáde nínú omi gan-an ni ó di obìnrin tí ó sì di aya rẹ̀. Kaguya-hime ńkọ́, ọmọ tí bàbá arúgbó rí nínú ọparun? Àwọn ọlọ́lá fẹ́ ẹ, kò gbà. Ọba fẹ́ ẹ, kò gbà. Òṣùpá ni ó padà sí, ní ibi tí ó ti wá, ọba sì ní kí wọ́n lọ sun oògùn àìkú tí ó fi sílẹ̀ lórí òkè ńlá. Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìrelé ti Kaguya-hime, ẹkún ni ó mú bá gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Kawai Hayao, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1982. Ó ṣàkíyèsí pé àlọ́ Yúróòpù sábà máa ń wá ìgbéyàwó kí ó tó parí, ṣùgbọ́n pé nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ Japan, ìyapa ni òpin, obìnrin a bá tirẹ̀ lọ, ohun tí ó sì kù lẹ́yìn rẹ̀ ni àánú rẹ̀ tí ń ṣe olùgbọ́. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Ẹni tí ó ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó gbé awọ ẹfọ̀n pamọ́ sínú àká, tí ó fẹ́ obìnrin tí ó ni awọ náà, tí àṣírí sì tú lọ́jọ́ kan, ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Japan ní ìbátan ìtàn náà: apẹja kan ní etíkun Miho rí aṣọ ìyẹ́ obìnrin ọ̀run, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Nínú eré Noh tí ń jẹ́ Hagoromo, ó dá aṣọ náà padà, obìnrin náà jó fún un, ó sì gòkè lọ.

Ìwé ọ̀dọ́ òde òní kì í sábà fẹ́ irú òpin báyìí. Ó fẹ́ kí ọmọbìnrin inú ìtàn jà kí ó sì ṣẹ́gun, kí ó fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, kí ó sì ku apá kejì àti ìkẹta tí wọn yóò tà. Nítorí náà ni èèwọ̀ fi ń di ògiri lásán tí ìfẹ́ tàbí ọgbọ́n lè wó. Ẹni tí ó rú u a sunkún díẹ̀, wọn a sì foríjì í. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ̀dọ́ jà pé ó fẹ́ ìtàn aláyọ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ ẹyẹ tsuru ń sọ ohun kan tí kò ṣeé sọ lọ́nà mìíràn: pé oore tí wọ́n ń jẹ nínú ilé, ara ẹnì kan ni ó ń tu láti fi pèsè rẹ̀, àti pé ìgbà tí ojú bá ti rí i, ilé kò lè rí bí ó ti rí mọ́. Bí ẹyẹ náà bá dúró, tí ó di aya, tí ó bímọ, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́, bí kimono ibẹ̀ ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Ṣé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀? Rárá. Ìwé Elizabeth Lim yẹ fún ìyìn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ìdí ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ti Japan: ti Yúróòpù ni, àlọ́ ọmọbìnrin tí àwọn arákùnrin rẹ̀ di ẹyẹ, tí kò sì gbọdọ̀ fọhùn títí yóò fi gbà wọ́n sílẹ̀, èyí tí Hans Christian Andersen ará Denmark kọ ní 1838. Lim sọ ẹyẹ Andersen di tsuru, ó sì dé ọpọ́n kan mọ́ ọmọbìnrin náà lórí, ọpọ́n tí kò ṣeé ṣí. Ẹni tí kò mọ Japan lè rò pé òǹkọ̀wé ló ṣẹ̀dá ọpọ́n yìí. Inú Hachikazuki ni ó ti wá, ìtàn ìgbà àtijọ́ kan. Nínú rẹ̀, ìyá tí ń kú lọ, ẹni tí ń fi gbogbo ọkàn sin Kannon aláàánú, ni ó dé ọpọ́n lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ìyàwó baba lé ọmọ náà jáde nítorí pé ó dà bí òkú ẹ̀dá. Ó bẹ́ sódò kí ó lè kú, ọpọ́n náà kò jẹ́ kí ó rì. Ó di ẹrú tí ń se omi ìwẹ̀ ní ilé ọlọ́lá kan, àbíkẹ́yìn ọlọ́lá náà fẹ́ràn rẹ̀ tọpọ́n-tọpọ́n, ọjọ́ tí ọpọ́n sì já bọ́, wúrà, fàdákà àti aṣọ olówó iyebíye ni ó dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ohun tí ayé pè ní ègún, ìtọ́jú ìyá ni.

Lọ́wọ́ Lim, ìyàwó baba ni ó dé ọpọ́n náà. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé díẹ̀ lè kígbe pé ó ti ba ìtàn jẹ́, pé ó ti sọ ìfẹ́ di ìkà. Kí onítọ̀hún kà á dé òpin. Yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyàwó baba yìí jinlẹ̀ ju ìkà lásán lọ, àti pé òǹkọ̀wé mọ ohun tí ọpọ́n Hachikazuki wà fún. Ẹni tí ó mọ ìdí àlọ́ nìkan ni ó lè dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn láìjẹ́ pé ó fọ́.

Àjèjì ni Lafcadio Hearn náà. Erékùṣù kan ní Gíríìsì ni wọ́n ti bí i ní 1850. Ó dé Japan ní 1890, ó di ọmọ ìlú náà ní 1896, ó sì gba orúkọ Koizumi Yakumo. Ìwé rẹ̀, Kwaidan, tí ó jáde ní 1904, ọdún tí ó kú, ni ó mú kí ayé mọ Yuki-onna, obìnrin yìnyín, àti Hoichi afọ́jú onílù olókùn. Hearn kò lè ka ìwé Japan dáadáa. Ìyàwó rẹ̀, Koizumi Setsu, ni ó ń wá ìtàn kiri tí ó sì ń sọ wọ́n fún un lálẹ́. Setsu fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ pé kì í fẹ́ kí òun ka ìtàn láti inú ìwé. Ó fẹ́ kí òun sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu òun, bí ọkàn òun ti gbà á. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó dunni pé orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lẹ́yìn ìwé náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ọmọ Japan tọ́jú àlọ́ tiwọn láìyí ohunkóhun padà. Momotaro ni ẹ̀rí. Àlọ́ ọmọ tí ó ti inú èso momo jáde, tí òun pẹ̀lú ajá, ọ̀bọ àti ẹyẹ lọ ṣẹ́gun àwọn oni ní erékùṣù wọn, ni gbogbo ọmọdé ibẹ̀ mọ̀. Nínú àwọn ìwé ìgbà Edo kan, arúgbó lọ́kọláya ni ó jẹ èso náà, tí wọ́n padà di ọ̀dọ́, tí wọ́n sì bímọ bí gbogbo ayé ti í bímọ. Ìgbà tí ó di ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, inú èso ni ọmọ ń ti jáde tààrà. Ó dà bí ẹni pé ojú ti àwọn tíṣà. Èyí kò tíì burú. Ní 1945, bí ogun àgbáyé ti ń parí lọ, Seo Mitsuyo ṣe sinimá àwòrán gígùn kan fún ẹ̀ka ológun ojú omi Japan: Momotaro di ọ̀gágun, àwọn ẹranko rẹ̀ ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, àwọn oni tí ó túúbá fún un sì ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ onílé ni ó ṣe é, kì í ṣe àjèjì. Ọmọ onílé náà sì ni Akutagawa Ryunosuke, ẹni tí ó ti tún àlọ́ yìí sọ ṣáájú, ní 1924, tí ó fi hàn pé àwọn oni jókòó jẹ́ẹ́ ní erékùṣù wọn kí Momotaro tó wá kó wọn lẹ́rù. Nínú méjèèjì, èwo ni ó ba àlọ́ jẹ́? Èyí tí ó tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ ni, kì í ṣe èyí tí ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé pẹ̀lú. Ọdún tí ìwé Kagawa jáde, 2018, ni Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tẹ Children of Blood and Bone jáde. Ìjọba inú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ òrìṣà, èdè Yorùbá sì ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Àwọn àgbà kan bèèrè pé ta ni ó kọ́ wọn ní ọfọ̀ náà, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Olùkọ́ tí ó bá fi ìwé náà kọ́ni kò gbọdọ̀ dá ìbéèrè yẹn padà. Kí ó gbé e sí iwájú kíláàsì, kí ó sì pe àgbà kan wá jókòó síbẹ̀.

Ní 1910, Yanagita Kunio tẹ Tono Monogatari jáde, ẹ̀dà 350 péré. Ìtàn 119 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ẹnu Sasaki Kizen, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tono ní àríwá Japan. Yanagita dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ṣùgbọ́n èdè ìwé àtijọ́ ni ó fi kọ ọ́, ẹ̀ka èdè Tono tí Sasaki ń sọ kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Tono lónìí yóò rí àwọn apàlọ́, púpọ̀ nínú wọn ìyá àgbà, tí ń jókòó pàlọ́ fún àlejò ní ẹ̀ka èdè náà gan-an. Bí àlọ́ bá parí, wọn a ní "dondohare", àlejò a sì mọ̀ pé ó ti tán.