Òkè Kọ́ Ló Dí Ìrèsì Lọ́wọ́

Ìtàn kan wà tí àwọn olóṣèlú àti àwọn olówó wa fẹ́ràn láti máa fi gún àwọn ọ̀dọ́ ní kẹ́ṣẹ́. Wọ́n á ní ẹ wo Zeng Yuqun, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní 1968 ní Lankou, abúlé kan láàrin òkè ní agbègbè Ningde, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Lónìí, bí a bá pín bátìrì tí gbogbo ayé ń fi sínú ọkọ̀ oníná mànàmáná sí ọ̀nà mẹ́ta, ohun tó lé ní ìdá kan ló ń ti iléeṣẹ́ rẹ̀, CATL, jáde. Wọ́n á wá yíjú sí ọmọ Ìrèsì tó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lápò: "Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò dìde?"

Mo ní kí wọ́n sọ ìtàn náà dópin.

Akin ni ọkùnrin náà, n kò jiyàn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi ní Yunifásítì Shanghai Jiao Tong, ó gboyè ní 1989, wọ́n fún un níṣẹ́ ìjọba. Oṣù mẹ́ta péré ló ṣe é tó fi kọ̀wé sílẹ̀, ó gba ìlú Dongguan lọ, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ kan tí àwọn ará Japan ni. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ATL sílẹ̀. Wọ́n lọ ra ẹ̀tọ́ láti lo ọgbọ́n bátìrì kan lọ́wọ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, àfi bí bátìrì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Fúnra wọn ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń po kẹ́míkà inú rẹ̀ lákọ̀tun, títí wíwú náà fi dáwọ́ dúró. Kò pẹ́, Apple ń lo bátìrì wọn nínú iPod, TDK ti Japan sì ra ATL ní 2005.

Ibí yìí ni àwọn oníwàásù ìtẹpámọ́ṣẹ́ máa ń pa ìwé dé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní 2008, ATL kọ́ iléeṣẹ́ sí Ningde, ìlú ìbí Zeng. Ibi tí òṣì pọ̀ sí ni Ningde tẹ́lẹ̀, òkè lẹ́yìn, òkun níwájú. Xi Jinping tó ń ṣe olórí Ṣáínà lónìí ti darí agbègbè náà rí, láti 1988 sí 1990. Àmọ́ ní 2009, ọ̀nà reluwé tuntun tó so Wenzhou mọ́ Fuzhou gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2011, CATL dá dúró. Ní 2012, BMW gbé ìwé kalẹ̀ fún wọn, nǹkan bí 800 ojú-ewé, lédè Jámánì, tó sọ bí bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ rí. Wọ́n kà á tán, wọ́n sì ṣe é. Nígbà tó di 2015, ìjọba Ṣáínà gbé àkójọ orúkọ jáde: ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò bá ti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ inú àkójọ náà wá kò ní rí owó ìrànwọ́ gbà. LG àti Samsung ti Kòríà kò sí níbẹ̀. Títí di 2019 ni àkójọ yìí fi ṣiṣẹ́. Ta ni kò ní dàgbà bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn ọjà mọ́ àwọn tó jù ú lọ?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìrèsì. Ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ló wà, òkè yí i ká. Àwọn kan á ní òkè yìí ló jẹ́ kí ọ̀làjú jìnnà sí wa. Irọ́ ni. Ìgbájọ, tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ni ibùdó ogun Ìbàdàn wà nígbà Kírìjí, tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ sì kọjú sí wọn láti Ìmẹsí-Ilé. Lórí àwọn òkè yìí kan náà ni ìbọn ìgbàlódé tó dára jùlọ láyé ìgbà náà ti dún, nítorí pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ń rà á ránṣẹ́ sílé. Wọ́n gbé e gun òkè láìsí ọ̀dà, láìsí reluwé. Bí ohun ogun bá lè gòkè ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, kí ló dé tí ẹ̀rọ kò lè gòkè lónìí?

Ohun tí àwa tí a wà lẹ́yìn odi ń fi ránṣẹ́ sílé nísinsìnyí ni ilé alájà tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, tí a ń ṣí fèrèsé rẹ̀ ní Kérésì nìkan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Ó dun èmi náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tìjọba tóbi jù. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní ìpele A fò láti náírà 68 sí náírà 225. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti pèsè iná tirẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo má tún nawọ́ sí Àbújá. Ní Òkè-Ògùn, wọ́n ń wa lítíọ̀mù, èròjà bátìrì gan-an, nínú ilẹ̀ Yorùbá. Mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, Délé Aláké, tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, ti sọ pé a kò ní máa kó o lọ ní tútù mọ́. Ó dára. Àmọ́ ẹ wo Ògìjò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù: ìwádìí àwọn akọ̀ròyìn ní 2025 fi hàn pé májèlé òjé ti wọnú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú, nígbà tí òjé náà ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìdọ̀tí bátìrì ló kù fún wa, èrè rẹ̀ kọjá òkun.

Wọ́n á ní Nàìjíríà kì í ṣe Ṣáínà, owó kò sí. Ọjà ńkọ́? Kò sí àdúgbò tí kò sí ínfátà àti bátìrì sólà nínú rẹ̀ mọ́, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ń rà á fún iná ojú títì àti ilé ìwòsàn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti pàṣẹ pé díẹ̀ nínú èyí tí ìjọba ń rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a tò pọ̀ ní Ọ̀ṣun. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà ní Ìréé, nítòsí Ìrèsì. Àwọn tó lè tò ó ń jáde lọ́dọọdún.

Àwọn tó ń du ipò gómìnà ní 2026 á gun òkè wá sí Ìrèsì. Kí ẹnikẹ́ni má ka àpò ìrẹsì tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ bi wọ́n léèrè ìlú tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní iná tí kì í lọ, ọdún tí yóò dé, àti iye bátìrì tí ìjọba wọn máa rà nínú èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ṣe.