Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé: Ẹ Gbọ́ Ohùn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Èmi nọ́ọ̀sì yín ní Ẹlẹ́yẹlé ni.

Ọ̀pọ̀ yín ń bi mí nípa kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí wọ́n ń gùn lójú kan nínú ilé. Ó dáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Títì wa níbí, pẹ̀lú ọ̀kadà àti kòtò, kò fi ìyá ẹni ọdún 70 lọ́kàn balẹ̀ láti rìn. Kẹ̀kẹ́ kì í sì í ni orúnkún lára bíi sísáré, torí ìjókòó ló gbé ara.

Ṣùgbọ́n èmi ò ní fi owó yan kẹ̀kẹ́, ariwo ni màá fi yàn án. Nínú ilé tí mo ń bẹ̀ wò, aṣọ ni wọ́n ń sá lé púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ará ìsàlẹ̀ ló ráhùn, ìyá sì tijú, ó pa á tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í tijú ní tiẹ̀.

Èyí tí búrèkì ń fún irin rẹ̀ máa ń han. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú ń hó bíi jẹnẹrétọ̀. Ẹ béèrè èyí tó ń lo òòfà, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní magnetic: òòfà kì í fara kan irin náà rárá kó tó mú un wúwo lẹ́sẹ̀. Bẹ́líìtì tún dákẹ́ ju ṣéènì lọ. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ní kí wọ́n pa rédíò, kí ẹ gùn ún níbẹ̀. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Nílé, ilẹ̀ ni ariwo ń gbà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹ tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé e sẹ́bàá ògiri, kì í ṣe àárín yàrá. Ẹ fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, kó má mì.

Ẹgbẹ́ tó lè dáwó aṣọ ẹbí lè dáwó ra olóòfà kan sí ilé ìpàdé. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì torí kẹ̀kẹ́ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o.