Ẹ Dán An Wò Lórí Kọ̀ǹpútà Kẹ́ Ẹ Tó Gé Bàbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe òwò íntánẹ́ẹ̀tì ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ mọ̀ pé àńtẹ́nà tó ń tọ̀kèèrè wá ti di ọjà olówó gọbọi láti Oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ irin í gé, tí wọ́n mọ ọn jó, kún láti Ọ̀gbà títí dé Agége. Kí ló wá dé tí a ò fi máa ṣe é níbí?

Èrò tèmi ni pé àṣedànù ló ń lé wa sẹ́yìn. Àńtẹ́nà kì í ṣe géètì. Bí géètì bá fi mìlímítà kan gùn jù, onílé ò ní í mọ̀. Ìgbì Wi-Fi tó ń lo 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 nínú afẹ́fẹ́. Lórí pátákó sàkíìtì tí gbogbo wa mọ̀, ìgbì náà á kúrú, bàbà tẹ́ ẹ máa gé ò ní í ju nǹkan bíi mìlímítà 29 lọ. Ẹ fi mìlímítà kan péré ṣì í, àńtẹ́nà náà á sún kúrò nípò ní nǹkan bí 80 MHz. Gbogbo ààyè tí wọ́n sì fún Wi-Fi níbẹ̀ ò ju 83.5 MHz lọ. Ọjà bàjẹ́ nìyẹn.

Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wà tó lè gbà wá. Ẹ ya àwòrán àńtẹ́nà yín. Gmsh á gé òun àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká sí wẹ́wẹ́, bí ẹni gé iṣu àsáró. Elmer, tí iléeṣẹ́ CSC nílẹ̀ Fínláǹdì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2005, á wá fi òfin tí James Clerk Maxwell gbé jáde lọ́dún 1865 ṣírò ìgbì nínú ègé kọ̀ọ̀kan, á sì so ó pọ̀. Ẹ ó rí ibi tí ìgbì ń lọ, àti èyí tó ń padà sẹ́yìn.

Kì í ṣe idán o. Bẹ́ ẹ bá dín gígùn ègé kọ̀ọ̀kan kù sí ìdajì, iye wọn á di ìlọ́po mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kéré ò sì ní í gbé e. Bẹ́ ẹ bá sì pa irọ́ fún un nípa irú pátákó tẹ́ ẹ fẹ́ lò, irọ́ náà ló máa dá padà fún yín. Torí náà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì béèrè àṣẹ tó bá yẹ lọ́wọ́ àjọ NCC kẹ́ ẹ tó tà á.

Ta ló máa jókòó tì í? Mi ò ní kí ẹni tó ń jó irin padà sí fásitì. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti àjọ ITF ti wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ nífásitì sì máa ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ fóṣù mẹ́fà. Kàkà kẹ́ ẹ máa rán wọn lọ ra oúnjẹ, ẹ fi wọ́n sídìí kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù kan lè má lágbára rẹ̀, àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá dáwó jọ, kọ̀ǹpútà kan tó lágbára àti ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tó fún ogún ṣọ́ọ̀bù.

Bàbà tẹ́ ẹ bá gé ṣì, ẹ ò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tẹ́ ẹ bá gé ṣì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa pa á rẹ́ ni.