Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Wọn Gbẹ́ Iṣu

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ní àkókò àjọ̀dún bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni a máa ń gbọ́ jù: gbọ̀ngàn tuntun, ẹnu ọ̀nà ńlá, òkúta tí a kọ orúkọ olùfúnni sí. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tiwa kéré sí èyí: iṣu ni a ń tọrọ, àti ṣúgà, ọ̀bẹ àti àwo.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú Bàọ́lọ́jì tí a ń pè ní osmosis. Òun ni bí omi ṣe ń gba inú awọ tínrín kọjá lọ sí ibi tí ṣúgà tàbí iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè ka ìtumọ̀ rẹ̀ lórí bí àkọ́sórí, láìfi ojú kàn án rí. Èyí ni ó ń dùn wá.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò ṣòro. A ó gé iṣu sí mẹ́ta, a ó bẹ èèpo rẹ̀, a ó sì gbẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ife. A ó se ọ̀kan nínú wọn lórí iná. A ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwo omi, a ó bu ṣúgà sínú ọ̀kan tí ó tutù àti èyí tí a sè. Èkejì tí ó tutù yóò ṣófo. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, omi yóò ti ru sókè nínú iṣu tútù tí ó ní ṣúgà. Nínú èyí tí ó ṣófo, kò sí omi tí yóò ru. Èyí tí a sè ńkọ́? Ṣúgà wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ omi kò ní ru bí ti àkọ́kọ́. Iná ti ba awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́, kò sì lè dá ṣúgà dúró mọ́. Ọmọ tí ó bá rí ìyàtọ̀ yìí ti rí ohun tí ó ya ohun ààyè sọ́tọ̀ kúrò lára òkú, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbà á gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá pé kí ni ó kan àlùfáà nínú èyí, ìránṣẹ́ ìjọ ni Jean-Antoine Nollet, ará Faransé, tí ó kọ́kọ́ kọ irú nǹkan yìí sílẹ̀ ní 1748. Ó fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bo ẹnu ìgò ọtí líle, ó rì í sínú omi, awọ náà sì wú sókè. Ohun mìíràn ni ó ń wá kiri! Bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́, báwo ni ì bá ti rí i?

Àwọn olùkọ́ yóò ní kò sí àyè, ìdánwò ti dé tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ọmọ 40 sí ọ̀wọ́ 10, ife iṣu 30 péré ni a nílò, iṣẹ́ náà yóò sì máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà ní kíláàsì mìíràn. Bí iṣu bá sì wọ́n jù (ó kúkú wọ́n), ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ yín bá wá sílé fún ìsinmi, ẹ má ṣe bi í pé kí ni ìtumọ̀ osmosis. Ẹ bi í ní ohun tí iṣu sísè náà ṣe.