Róòmù Nìkan Kọ́ Ló Ta Ìwé Ìyọ̀ǹda

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ti délẹ̀ láàrin wa, ibi kan náà ni wọ́n máa ń gbé e gbà. Wọ́n á ní, "Àbúrò, ṣebí owó ni Póòpù ń gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó tó jẹ́ kí wọ́n fẹ́yàwó, kó tó jẹ́ kí wọ́n jẹ oyè àlùfáà. Ọba Henry Kẹjọ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù."

Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nílé-ìwé nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Àńgílíkà ni wọ́n ti ṣàmì fún mi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Póòpù ló rán mi níṣẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi má sì bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́. Wọn kò gbá nǹkan kan dànù. Káńtà ni wọ́n gbé láti Róòmù wá sí Canterbury, ọjà náà sì ń tà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìwé ìyọ̀ǹda tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló dí ọ lọ́nà. O kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tó láṣẹ lórí òfin náà pé kó jọ̀wọ́, kí òfin má mú ọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Bó bá gbà, ó fún ọ ní ìwé, ó tẹ èdìdì lé e, ó parí. Ní Róòmù, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, Penitentiary ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà títí dòní, àwọn onímọ̀ sì ti tẹ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales jáde, láti 1410 títí dé 1503. Ẹni tó bá ṣí wọn, kì í ṣe ọba àti ìjòyè nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síta. Òfin ní ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá ṣègbéyàwó kò gbọdọ̀ di àlùfáà. Ọmọ àlùfáà náà wà lára wọn o, nítorí àlùfáà kò gbọdọ̀ níyàwó, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí wọ́n má bímọ. Kí lọmọ ṣe? Ṣé òun ló rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́? Ìwé ìyọ̀ǹda ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Róòmù tilẹ̀ ní ètò pé kí wọ́n fi owó ìwé ji ẹni tó bá búra pé tálákà lòun. Mo ní láti sọ èyí, kí wọ́n má bàa ní mo fi apá kan ọ̀rọ̀ pa mọ́. Àánú wà nínú ètò náà. Ibi tó ti wọ́ ni pé òfin ọ̀hún fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó sì ń ṣọ́ ọgbà náà ló tún ń gbowó ẹnu ọ̀nà.

Bí àánú yìí bá sì dé ọwọ́ ọba, ó ń di nǹkan mìíràn. Ní Scotland, Ọba James Kẹrin fa ọmọ tó bí síta kalẹ̀, Alexander Stewart, ọmọ náà sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà St Andrews ní 1504. Ọmọ bí ọdún 11 ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọmọ bí ọdún 11, bíṣọ́ọ̀bù àgbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni àgbà rẹ̀. Ṣáájú 1215, òfin ní ìbátan dé ìran keje kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Ìgbìmọ̀ tí Póòpù Innocent Kẹta pè ní Lateran lọ́dún náà ló dín in kù sí ìran mẹ́rin. Ìran mẹ́rin náà kì í ṣe eré. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní ẹnìkan ṣoṣo tí ó jẹ́ òbí àwọn òbí àwọn òbí àwọn òbí yín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Irú òbí bẹ́ẹ̀ 16 ni olúkúlùkù wa ní. Àwa Yorùbá kò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé kí ìbátan má fẹ́ra, àwa náà ń wádìí kí a tó gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n tiwọn kò mọ sí ìbátan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ka àna mọ́ ọn. Wọ́n ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò obìnrin tí ẹnìkan bá bá sùn rí mọ́ ọn, bí kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n tún ka bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì mọ́ ọn. Nínú ilẹ̀ tí àwọn ìjòyè kì í fẹ́ ju ọmọ ìjòyè lọ, ta ni òfin yìí kò ní mú?

Ó mú wọn, wọ́n sì ń gba ìwé. Ní 1361, ọmọ ọba tí wọ́n ń pè ní Black Prince fẹ́ Joan ti Kent. Ọmọ-ọmọ Ọba Edward Kìíní ni Joan. Edward Kìíní yìí kan náà ló bí bàbá tó bí bàbá ọmọ ọba náà. Póòpù Innocent Kẹfà yọ̀ǹda wọn, lára ohun tí wọ́n sì là sílẹ̀ fún wọn ni pé kí wọ́n dá ilé àdúrà sílẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà nísàlẹ̀ kàtídírà Canterbury.

Ní 1396, John ti Gaunt fẹ́ Katherine Swynford, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti bí ọmọ mẹ́rin fún un. John yìí ni bàbá ìsàmì ọmọ Katherine kan, nítorí náà òfin kò gbà fún wọn. Póòpù Boniface Kẹsàn-án fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ sì di ọmọ gidi.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Láti inú àwọn ọmọ yẹn ni ìyá Ọba Henry Keje ti jáde. Nígbà tí Henry Keje fẹ́ Elizabeth ti York ní 1486, ìbátan ni wọ́n, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n fi ṣe é. Henry Kẹjọ ni wọ́n bí. Ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi ní ó gbá a dànù yìí, ìwé ìyọ̀ǹda ló gbé bàbá àti ìyá rẹ̀ wọlé!

Ó wá kan tirẹ̀. Arthur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ní 1502, ó fi Catherine ti Aragon sílẹ̀. Wọ́n ní kí Henry ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lójú wa níhìn-ín, ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, àfi kí Póòpù fọwọ́ sí i. Póòpù Julius Kejì kọ ìwé náà, wọ́n fi ọjọ́ 26 oṣù December 1503 sí i. Lórí pé bóyá Arthur ti bá ìyàwó rẹ̀ sùn, ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí "bóyá" ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Lọ́yà ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jàre. Ní 1509 Henry gbé Catherine níyàwó.

Nígbà tó di 1527, tí ojú rẹ̀ ti wà lára Anne Boleyn, ó ní òfin Ọlọ́run ni, Póòpù kankan kò lè yọ̀ǹda ẹni tó fẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ló rán akọ̀wé rẹ̀, William Knight, sí Póòpù Clement Keje pé kó yọ̀ǹda òun láti fẹ́ obìnrin tí òun ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ sùn rí. Mary Boleyn ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Ẹ wò ó o: Póòpù kò lágbára láti so ó mọ́ Catherine, ṣùgbọ́n ó lágbára láti so ó mọ́ Anne. Ṣé ẹni tó fẹ́ fòpin sí ìwé ìyọ̀ǹda nìyí, àbí oníbàárà tí wọn kò tà fún?

Nígbà tí Thomas Cranmer fẹ́ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, ìwé àṣẹ Póòpù náà ni wọ́n fi yà á sí mímọ́ ní March 1533. Nígbà tó di May, ó tú ìgbéyàwó ọba ká.

Ní 1534 ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ tọrọ ìwé ìyọ̀ǹda ní Róòmù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ìwọ náà ò rí i!" Ẹ ní sùúrù, sà, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Òfin náà kò ní kí ìwé ìyọ̀ǹda tán. Ó ní kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury máa fún wọn. Ó ní kí wọ́n ṣe ìwé tí iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ bá tó póùn 4 sókè, àfi kí èdìdì ńlá ọba kàn án. Ó sì la bí wọn yóò ṣe pín owó náà sílẹ̀: ti ọba, ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ti àwọn akọ̀wé. Ní 1540 ẹ̀wẹ̀, òfin gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ra. Lọ́dún náà ni ọba fẹ́ Catherine Howard. Ìyá Anne Boleyn àti bàbá Catherine Howard, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Mo fi èyí sílẹ̀ fún yín.

Wọ́n á ní ó kéré tán, owó dúró sílé, ọ̀nà sì kúrú. Òótọ́ ni pé Canterbury súnmọ́ wọn ju Róòmù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará abúlé tó ń san ìdá mẹ́wàá fún àlùfáà tí kò fojú rí. Òfin ní àlùfáà kan kò gbọdọ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì méjì mú tó ní ìtọ́jú ọkàn nínú, àfi pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá gbà á yóò máa gbowó níbi púpọ̀, yóò fi adelé olówó kékeré síbẹ̀. Kádínà Wolsey jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà York ní 1514. Ó gba Bath àti Wells mọ́ ọn, ó fi ìyẹn sílẹ̀ gba Durham, ó fi Durham sílẹ̀ gba Winchester, ó sì tún jẹ olórí ilé àwọn mọ́ǹkì ní St Albans. Ọdún 1530 ló tó kọ́kọ́ dé agbègbè York tí wọ́n fi í jẹ olórí rẹ̀, wọ́n sì mú un kí wọ́n tó gbé e gorí àga. Thomas Wynter, ọmọ tó bí síta, jẹ díìnì ní Wells nígbà tó ṣì ń kàwé lókè òkun.

Ẹ̀yin á rò pé lẹ́yìn Henry, èyí tán. Kò tán rárá. Canterbury ń fún wọn ní irú ìwé náà, àlùfáà ń di ṣọ́ọ̀ṣì méjì mú, ó di 1838 kí ìgbìmọ̀ aṣòfin tó fún òfin rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi. Ó lé ní 300 ọdún. Ta ni wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ará abúlé wọ̀nyẹn?

Ilé iṣẹ́ tí òfin 1534 dá sílẹ̀ ṣì wà ní London lónìí, Faculty Office lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jẹ́ ti àdúgbò rẹ̀, tí òfin ibẹ̀ kò sì fún un láyè, ibẹ̀ ló ti lè tọrọ ìwé àkànṣe lórúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Owó wà lórí ìwé náà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ kọ̀wé béèrè iye tó jẹ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn jẹun ná.